Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè fi kámẹ́rà àti ẹnlájà àtijọ́ kó nẹ́gátíìfù bàbá àgbà wọnú kọ̀ǹpútà?

OmoFoto_Egba:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ nẹ́gátíìfù ni mo bá wá o. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe fọtógíráfà l'Ábẹ́òkúta láti ayé òmìnira títí color lab fi dé tí iṣẹ́ dáàkìrúùmù fi rọlẹ̀, gbogbo nẹ́gátíìfù tí wọ́n yà ló ṣì wà nínú àpótí onípákó, wọ́n to ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kékeré, wọ́n kọ nọ́ńbà àti orúkọ oníbàárà sí i lára pẹ̀lú bírò. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni fíìmù 120 tó fẹ̀, 6x6 onígun mẹ́rin ọgbọọgba yẹn, fíìmù 35mm tó kéré náà wà ńbẹ̀ díẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, àwọn tó wọ aṣọ tuntun wá ya fọ́tò Iléyá, àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá lẹ́yìn ìkómọ, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, mo máa ń gbé e sókè síbi iná kí n lè wo ojú wọn.

Ẹnlájà wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan nẹ́gátíìfù sórí pépà kó lè tóbi, náà ṣì wà, Durst tó ń gba 6x6, kò dípẹtà, gílóòbù inú ẹ̀ gan-an ṣì ń tàn. Sikánà ni mi ò ní, irú Epson V600 tó lè sikáàn 120 yẹn owó ẹ̀ kọjá ọwọ́ mi báyìí. Nikon D5300 ni mo ní pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá. Mo wá ń rò ó pé ṣé mi ò lè tan ẹnlájà yẹn, kí n yọ lẹ́ǹsì kámẹ́rà kúrò, kí n gbé bọ́dì ẹ̀ kalẹ̀ sórí pákó ìsàlẹ̀ kó kọjú sókè, kí ẹnlájà máa tan àwòrán wọnú ẹ̀ tààrà bó ṣe ń tàn án sórí pépà láyé ìjọ́sí? Àbí kí n tàn án sórí pépà funfun kí n wá ya pépà yẹn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe àwọn nẹ́gátíìfù yìí lọ́wọ́ mi.

LensiLEko:

Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá o bọ̀dá mi. Ẹ má gbé bọ́dì tí ò ní lẹ́ǹsì sábẹ́ ẹnlájà o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnlájà, kó sọ nǹkan kékeré di ńlá ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀yin sì fẹ́ kó sọ ńlá di kékeré. 6x6 yẹn tá a bá wọ̀n ọ́n, mílímítà 56 ni lọ́tùn-ún lósì, sẹ́ńsọ̀ D5300 ò sì ju mílímítà 23.5 sí 15.6 lọ, ìyẹn ni pé àwòrán yẹn gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ kéré sí nẹ́gátíìfù fúnra ẹ̀ kó tó lè wọ sẹ́ńsọ̀ tán, bẹ́lò ẹnlájà yín, apá tó ń nà tó ń ká láàárín nẹ́gátíìfù àti lẹ́ǹsì yẹn, ò lè nà débẹ̀ láéláé. Kódà 35mm tó kéré, lẹ́ǹsì 50mm gbọ́dọ̀ fi mílímítà 100 jìnnà sí nẹ́gátíìfù kí àwòrán tó lè bá a dọ́gba, ọ̀pọ̀ ẹnlájà ni ò lè ṣe é. Ẹ wá fi eruku kún un, sẹ́ńsọ̀ tó lanu sókè fún wákàtí gbọọrọ nínú yàrá wa níbí, ẹ mọ ohun tó máa bọ́ sínú ẹ̀. Ti pépà funfun yẹn náà, kámẹ́rà ò lè dúró gan-an lójú àwòrán torí ẹnlájà ti gba ibẹ̀, ẹ máa yà á látẹ̀gbẹ́ ni, á wọ́, ara pépà náà á tún hàn nínú ẹ̀.

Ibi tí ẹnlájà yẹn ti wúlò fún yín gidi ni òpó ẹ̀. Ó dúró gbọin-gbọin, ó gún régé, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ wálẹ̀ láìyẹ̀, pákó ìsàlẹ̀ ẹ̀ wúwo. Nǹkan táwọn èèyàn ń fi owó ńlá rà lóde òní kí wọ́n lè fi gbé kámẹ́rà kọ́ nìyẹn, ó sì ti wà nílé yín. Ẹ yọ orí ẹ̀ kúrò, ẹ ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ kan fún yín kó lu ihò sí i, bóòtù 1/4 ínṣì tí wọ́n fi ń de kámẹ́rà mọ́ tíráípọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fi dè é, kámẹ́rà á wá dojú bolẹ̀. Ẹ gbé páńẹ́lì LED pẹlẹbẹ sórí pákó ìsàlẹ̀, nẹ́gátíìfù á wà lókè ẹ̀. Ẹ má gbé nẹ́gátíìfù lé páńẹ́lì yẹn lórí tààrà o, ẹ fi nǹkan gbé e sókè tó bíi ìka mẹ́ta, tí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo eruku àti tóótòòtó ara páńẹ́lì ló máa hàn nínú fọ́tò.

Kẹ́ ẹ tó ya ẹyọ kan, ẹ rí i dájú pé kámẹ́rà àti nẹ́gátíìfù kọjú síra wọn gan-an. Ọ̀nà tó rọrùn jù, ẹ wá jígí pẹlẹbẹ kékeré kan, ẹ gbé e síbi tí nẹ́gátíìfù máa wà, ẹ wá wo live view, ìyẹn àwòrán tó ń hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ máa rí lẹ́ǹsì tiyín nínú jígí yẹn. Ẹ máa tún kámẹ́rà ṣe títí ihò lẹ́ǹsì yẹn á fi bọ́ sí àárín gbùngbùn àwòrán, ìgbà yẹn ló tó gún. Ìpele yìí làwọn èèyàn máa ń fò, wọ́n á wá máa bú lẹ́ǹsì pé apá kan mọ́ apá kan ò mọ́.

Lẹ́ǹsì 18-55 yẹn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún 6x6 torí kò pọn dandan kó sún mọ́ ọn púpọ̀, ẹ fà á dé 55, ẹ lo f/8, ISO 100, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), ẹ fi tàìmà yà á kí ọwọ́ yín má mì ín. Etí àwòrán lè má mú tó àárín. 35mm ni ò ní lè ṣe, ìyẹn ń fẹ́ lẹ́ǹsì mákúrò, èyí tó lè ya nǹkan kékeré láti itòsí. Micro-Nikkor 55mm àtijọ́ ni mò ń lò, ọwọ́ lẹ ó máa fi fojú ẹ̀ sọ́nà (fókọ́ọ̀sì), D5300 ò sì ní wọn iná fún un, ẹ kàn máa dán ìṣísílẹ̀ ṣọ́tà wò títí ẹ ó fi rí èyí tó bá a mu, kò le. Tówó bá há, lẹ́ǹsì ẹnlájà yín gan-an á ṣe é. Tí ọrùn ẹ̀ bá jẹ́ M39, ìyẹn onísíkúrúù mílímítà 39, ẹ ra òrùka M39 sí Nikon àti àwọn túùbù òfìfo tó ń tì í síwájú, ẹ fi sójú kámẹ́rà. Wọ́n dìídì ṣe lẹ́ǹsì yẹn fún nǹkan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ó máa ń mú láti àárín débi etí. Ẹ ò ní yí nǹkan kan láti fojú ẹ̀ sọ́nà, òpó ẹnlájà ni ẹ ó máa gbé sókè-sódò.

Ní ti bí àwòrán yẹn á ṣe tóbi tó, kámẹ́rà yín á fún yín ní bíi píkísẹ́ẹ̀lì 4000 lọ́tùn-ún lósì lórí 6x6 kan, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi (píkísẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínṣì kan) ó máa ń sún mọ́ ínṣì 13. Èyí tí bàbá yín ń tẹ̀ fún oníbàárà láyé ìgbà yẹn ò ní tóbi tó yẹn.

BabaDakiruumu:

Ọmọ mi, inú mi dùn sí ọ. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò tá a jọ ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, lọ́jọ́ tí baba kú ni wọ́n ti sun nẹ́gátíìfù ẹ̀ mọ́ pàǹtí. Ojeikere tí gbogbo ayé ń wo fọ́tò irun dídì tó yà lónìí, nínú dáàkìrúùmù mínísírì n'Íbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954, ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí irun yẹn wò ni pé nẹ́gátíìfù ò sọnù.

Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lórí òpó, àmọ́ ó kù síbì kan tó léwu. Ọ̀pọ̀ ẹnlájà ló ní sípíríǹgì nínú òpó tó ń bá a gbé orí ẹ̀ torí orí yẹn wúwo. Tó o bá tú orí kúrò níbi tó wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì á fa apá tó kù sókè wàì, ó lè fọ́ ọ lágbọ̀n, ó lè gé ìka. Gbé orí yẹn lọ sókè pátápátá níbi tí sípíríǹgì ti dẹ̀, ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pa dáadáa, kó o tó tú nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà ìwúwo kámẹ́rà ò ní tó ti orí, torí náà má tú kọ́kọ́rọ́ yẹn láìfọwọ́ dì í mú. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti gíláàsì tó o bá tú, kó o sínú ike kan náà kó o kọ nǹkan sí i lára, torí ó lè wù ọ́ lọ́jọ́ iwájú kó o fi tẹ fọ́tò gidi lórí pépà.

Má ju páńpẹ́ nẹ́gátíìfù nù o, ìyẹn abala irin méjì tí a máa ń fi nẹ́gátíìfù sáàárín ẹ̀. Òun ni kó o gbé sórí iná yẹn, kò sí ohun tó ń mú nẹ́gátíìfù tẹ́ bí i tiẹ̀, kò sì ní fi gíláàsì kàn án. Gíláàsì tó bá fara kan fíìmù máa ń yọ òrùka aláwọ̀ mèremère sínú àwòrán. Tó o bá rí i pé ó ń gé etí àwòrán díẹ̀, má fi áyánfáìlì gbẹ́ ẹ, nǹkan baba ni, gé páálí dúdú kan lọ́nà tó bá ọ mu kó o lò ó dípò. Páálí dúdú kan náà ni kó o fi bo gbogbo ibi tí iná ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná tó bá yọ látẹ̀gbẹ́ máa ń sọ dúdú di eérú.

Ojú fíìmù tó ń dán ni ẹ̀yìn, èyí tí ò dán ni oògùn tó gbé àwòrán wà. Jẹ́ kí èyí tí ò dán kọjú sí lẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà yí àwòrán padà nínú kọ̀ǹpútà kí ọwọ́ ọ̀tún má di òsì. Ọ̀nà kejì náà ṣe é, kó ṣáà jẹ́ ọ̀nà kan náà ni wàá máa gbà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù rèé. Má fi ohunkóhun nu ojú tí ò dán yẹn. A máa ń fi pẹ́ńsùlù tó mú gan-an tún ojú oníbàárà ṣe lórí nẹ́gátíìfù, abẹ́ ojú, egbò, ìlà ọrùn, àwọn kan ń fi àwọ̀ pupa bo ibi tí wọn ò fẹ́ kó hàn. Tó o bá gbé nẹ́gátíìfù rẹ dà gẹ̀gẹ̀ síbi iná wàá rí àmì pẹ́ńsùlù yẹn bó ṣe ń dán. Iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ nìyẹn, ó ṣe é jókòó ni. Sípíríìtì tàbí òwú kan ṣoṣo á nù ún kúrò, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Fẹ́ eruku kúrò pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ lẹ́ǹsì, ó parí.

OmoFoto_Egba:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé díẹ̀ dà gẹ̀gẹ̀ síbi iná báyìí, mo rí àmì pẹ́ńsùlù yẹn lójú ìyàwó kan, mi ò mọ̀ rí. Bọ̀dá LensiLEko ẹ ṣeun. Ìbéèrè tó kù: ṣé dandan ni kí n ra páńẹ́lì LED, mi ò lè lo iná inú orí ẹnlájà yẹn kí n dorí ẹ̀ kodò? Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó bá wọ kọ̀ǹpútà tán, kí ni mo fi ń yí i padà kí funfun di funfun? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kan wà nísàlẹ̀ àpótí tó ń rùn bí fínígà, àwọn kan sì ti bu, nǹkan bí òwú aláǹtakùn wà lórí ẹ̀.

IyaIbeji_Leeds:

Ẹ kú u o. Ìlú òyìnbó ni mo wà àmọ́ nẹ́gátíìfù ìdílé wa láti Ìlá ni mò ń kó wọ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ n dáhùn ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ gbàgbé gílóòbù inú ẹnlájà. Àkọ́kọ́, ó ń gbóná, fíìmù tó bá gbóná máa ń gbé ara ẹ̀ sókè lójijì láàárín, ojú tẹ́ ẹ ti fi sọ́nà á bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, gílóòbù yẹn ń tẹ̀ lé iná Nẹ́pà, tí iná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ á pọ́n, á ṣókùnkùn, tó bá gòkè á mọ́lẹ̀ sí i, fọ́tò méjì tẹ́ ẹ yà tẹ̀ léra ò ní dọ́gba. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn gíláàsì ńlá tó wà nínú orí ẹnlájà ń kó iná jọ sójú kan ni, irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń gbé gbogbo ìfọ́ ara fíìmù jáde. Páńẹ́lì LED tó funfun, tó rọ̀, ńṣe ló máa ń bo àwọn ìfọ́ wínníwínní yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ CRI 95 sí lára tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (CRI ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an), tó ń lo USB, kẹ́ ẹ máa fi páwà báǹkì tàn án, ìgbà yẹn Nẹ́pà ò kàn yín mọ́, iná ẹ̀ á sì dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà-ìlà nínú fọ́tò, ó jẹ́ pé iná LED yẹn ń ṣẹ́jú ni, ẹ jẹ́ kí ṣọ́tà pẹ́ díẹ̀ kó tó pa dé, á lọ.

Ẹ pa gbogbo iná yàrá o, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ dúdú, funfun tẹ́ ẹ bá wọ̀ á máa tàn padà sójú fíìmù tó ń dán.

Fún yíyí i padà, darktable ò gba kọ́bọ̀, módù kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ negadoctor, fún nẹ́gátíìfù gan-an ni wọ́n ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi hàn án ibi tó ṣófo lára fíìmù, àárín fọ́tò kan sí èkejì, kó mọ bí fíìmù fúnra ẹ̀ ṣe rí, ibẹ̀ lá ti máa ṣírò yòókù. Ti dúdú-àti-funfun rọrùn, ẹ yí i padà, ẹ yọ àwọ̀ kúrò, ẹ tún dúdú àti funfun ẹ̀ fà. Ti aláwọ̀, àwọ̀ ọsàn tó wà lára fíìmù yẹn ló ń dààmú èèyàn, ìdí tí ibi tó ṣófo yẹn fi ṣe pàtàkì nìyẹn, ẹ má gé e kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà á. Ẹ fi RAW pamọ́ bó ṣe wà.

Nǹkan kan tún ku tí mo fẹ́ sọ torí ó lè wà nínú àpótí yín. Lọ́dọ̀ wa n'Ílá, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, fọtógíráfà á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí nẹ́gátíìfù tí ọmọ kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo gbàgà, tàbí tí wọ́n fi páálí bo apá kan, ẹ má gé e, ẹ má ní fọtógíráfà ò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ yà á tán pátá pẹ̀lú etí ẹ̀. Ìyá kan ló wà nídìí fọ́tò yẹn.

BabaDakiruumu:

Ẹ ṣeun ìyá ìbejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn náà.

LensiLEko:

Ẹ jẹ́ n mú ti fínígà àti èyí tó bu.

Òórùn fínígà yẹn, fíìmù fúnra ẹ̀ ló ń jẹra, asítéètì, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, ooru àti ọ̀rinrin ló ń dá a sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kíkan tó ń jáde lára ọ̀kan á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ yọ gbogbo èyí tó ń rùn kúrò nínú àpótí lónìí, ẹ gbé e sí páálí mìíràn tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ní yàrá mìíràn tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà ṣáájú ohun gbogbo, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà, torí fíìmù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, ojú tí oògùn wà á ká jọ sára ẹ̀, tó bá ti débẹ̀ kò sí páńpẹ́ tó lè tẹ́ ẹ mọ́.

Èyí tó bu, ẹ má fi omi kàn án. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ti ń jẹ oògùn ojú ẹ̀, tí omi bá kàn án àwòrán lè yọ́ kúrò lára fíìmù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ yà á bó ṣe wà, ẹ gbé e sínú ike tó dé pa pẹ̀lú àwọn àpò sílíkà jẹ́ẹ̀lì kó gbẹ. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fà á ya, ẹni tó ń tọ́jú nǹkan bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ ló lè yà wọ́n.

Àkókò náà ní ìtumọ̀ o. Nígbà ọyẹ́, fíìmù máa ń gbẹ, á máa fa eruku mọ́ra bí ìgbà tí ike bá fa irun, ẹ máa fi gbogbo ọjọ́ fẹ́ eruku. Tó bá jẹ́ ọyẹ́ lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yàrá díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ sì pa fáànù. Lẹ́yìn òjò ló dáa jù lọ́dọ̀ mi, eruku ti balẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju lẹ́ǹsì àti iná lọ ni ẹ́ńfílọ́ọ̀pù yẹn. Kẹ́ ẹ tó ya nẹ́gátíìfù, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù sábẹ́ kámẹ́rà, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ya ohun tó wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á ṣe máa tẹ̀ léra nínú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹ̀ ń da orúkọ kọ lójú kan náà, nọ́ńbà tí bàbá kọ yẹn náà lẹ ó wá fi sọ fáìlì lórúkọ. Tí ìwé rìsíìtì wọn bá ṣì wà, ẹ ya ojú ewé ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì wá àwọn àgbà àdúgbò tó mọ àwọn oníbàárà yẹn lójú, ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù tọ̀ wọ́n lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ nígbà tí wọ́n ṣì lè dárúkọ. Nẹ́gátíìfù tí ò lórúkọ, àwòrán èèyàn kan ni, èyí tó lórúkọ, ó ṣeé fi lé ọmọ-ọmọ ẹni náà lọ́wọ́.

Ẹ má tètè gbé wọn sórí Facebook o. Àwọn ìdílé kan ò ní fẹ́ kí wọ́n rí òkú ìyá wọn lórí fóònù àlejò, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

OmoFoto_Egba:

Mo ti yọ àwọn tó ń rùn sí páálí mìíràn, wọ́n ti wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìwé rìsíìtì wà sà, ti ọdún 1964 ló pẹ́ jù níbẹ̀. Wẹ́dà ní kí n mú òpó ẹnlájà wá lọ́jọ́ Sátidé kó wọ̀n ọ́n, mo sọ ti sípíríǹgì fún un. Bàbá, àwọn gíláàsì ńlá méjì inú orí yẹn, ṣé bébà tàbí aṣọ ni kí n fi wé wọn?

BabaDakiruumu:

Aṣọ òwú tó mọ́, tó ti gbẹ dáadáa. Bébà máa ń fa ọ̀rinrin, gíláàsì á bu. Wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o sì fi pẹ́ńsùlù kọ sí orí aṣọ èwo ló wà lókè èwo ló wà nísàlẹ̀ àti ibi tí ikùn ẹ̀ kọjú sí.